Obìnrin kan, Myrvalla, 1901

Nílẹ̀ Jämtland tiwa níhà àríwá yìí, a kì í ti ilẹ̀kùn. Olè kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó yẹ ká máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ni ẹni tó bá wọlé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, tó gba kọfí, tó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, kí n kọ ọ́ sílẹ̀." Ansgar, tíṣà ilé ìwé wa, ni mò ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ ni Ansgar ń kó jọ. Bí àwa yòókù ṣe ń ká èso pupa inú igbó nígbà tí òtútù bá ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ lòun ń gun kẹ̀kẹ́ láti abúlé dé abúlé, tó ń ká ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn arúgbó kí wọ́n tó gbé e wọ sàréè. Ọ̀rọ̀ kan, pélébé ìwé kan. Ọ̀rọ̀ náà á wà lókè, gbólóhùn tí wọ́n fi sọ ọ́ á wà lábẹ́ rẹ̀, abúlé ẹni tó sọ ọ́ àti ọdún tí wọ́n bí i á wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń kó wọn ránṣẹ́ sí ní gúúsù kì í gba gbólóhùn tí tíṣà bá jókòó sílé tó hun fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti ẹnu èèyàn jáde, kó sì jẹ́ òótọ́.

Ilé tó fẹ́ràn jù láti yà sí ni ti Torborg. Torborg kò lọ́kọ. Ó ń gbé nínú yàrá kan àti ilé ìdáná kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ńlá tí Märet, àbúrò rẹ̀, ń gbé pẹ̀lú Halvar ọkọ rẹ̀. Màlúù mọ́kànlá ló wà ní àgbàlá yẹn, Torborg ló sì ń fún wàrà wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí ìgbà ooru bá dé, òun náà ló ń kó wọn lọ sí ahéré orí òkè, tó ń dá gbé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, tó ń ṣe wàràkàṣì. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń dá a ṣe. Lójú àwọn ará Myrvalla, abúlé rẹ̀, Torborg àti màlúù ti di ọ̀kan náà, ta ló sì ń bi màlúù léèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀? Ansgar nìkan ló ń béèrè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí Torborg bá ti gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ti gbé omi kọfí kaná nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá ọdún 1955, Ansgar wọlé tìbínú-tìbínú.

"Torborg, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ sí mi láti gúúsù?"

"Ibo ni màá ti mọ̀ ọ́n? Ṣé èmi ni mo gbé lẹ́tà wá? Ẹ jókòó ná, Tíṣà, ẹ fẹ́ẹ̀ gbé ẹ̀wù yín lé iná."

"Wọ́n ní vemod kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará oko!"

Vemod jẹ́ ìbànújẹ́, àmọ́ kì í ṣe èyí tó ń mú ni sunkún. Èyí tó ti pẹ́ lára ni, tó ti rọlẹ̀, tó ti di aládùúgbò ẹni, tó jẹ́ pé bó bá ní òun fẹ́ kó jáde, èèyàn lè ní kó dúró jẹun ná.

Ansgar gba ife kọfí rẹ̀, ó ní, "Mo gbà pé àwọn oníṣòwò Jámánì ló fi ọkọ̀ òkun gbé ọ̀rọ̀ náà wá láyé àtijọ́, pẹ̀lú iyọ̀ àti aṣọ. Ìdajì rẹ̀ ni ìrora, ìdajì ni ọkàn. Ìyẹn ò dùn mí, òótọ́ ni. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n ní inú ìwé orin àti ìwé àwọn akéwì ló jókòó sí láti ìgbà náà. Wọ́n ní àgbẹ̀ kò ráyè irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀. Pé ebi àti ìgbẹ́ màlúù ti tó o."

Torborg bú sẹ́rìn-ín. "A jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lóṣù kẹsàn-án rí nínú wọn. Àwọn màlúù ti ṣáájú lọ, ẹ̀ ń gbọ́ agogo ọrùn wọn nísàlẹ̀. Ẹ padà lọ ti ilẹ̀kùn ahéré. Kò sí iná nínú ààrò mọ́, kò sí èéfín. Kò sóhun tó ń ṣe yín. Ẹsẹ̀ ni ò kàn ṣeé gbé. Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn ní gúúsù? Inú rírun?"

"Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ ń pè é?"

"Vemod ni, kí ló tún fẹ́ jẹ́? Bí ìyá mi ṣe ń pè é nìyẹn."

Ansgar ti yọ pẹ́ńsù. "Ẹ fi sínú gbólóhùn fún mi, Torborg. Ẹyọ kan péré. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín gan-an."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Torborg gan-an, kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà ooru ọdún 1923, Halvar ló ń gun òkè wá bá a ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ayé ìgbà náà ṣe ń gùn ún lọ bá ọmọbìnrin tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣaya. Àwọn méjèèjì ti fẹnu kò. Torborg ní kí ó mú sùúrù, kí òun parí wàràkàṣì ọdún yẹn, kí òun sọ̀ kalẹ̀ ná. Nígbà tó fi sọ̀ kalẹ̀, Halvar ti ń jókòó ti Märet nílé ìdáná. Lẹ́yìn ilé màlúù ló ti bẹ Torborg pé kó má ta á síta, pé Märet gbà pé kò sí obìnrin kankan ṣáájú òun, pé bó bá gbọ́, ọkàn rẹ̀ yóò bàjẹ́. Torborg gbà. Lórí ẹnu tó pa mọ́ yẹn ni ilé náà dúró lé: Märet ní ọkọ tó fọkàn tán, Torborg sì ní ilé tó ń sùn sí, àti àga kan nídìí tábìlì wọn lọ́jọ́ Sunday. Bí ọ̀rọ̀ náà bá já, kò ní àbúrò mọ́, kò sì ní ilé mọ́. Kò sì ní ẹlòmíràn láyé.

Ṣùgbọ́n ẹrù tí èèyàn ti rù pẹ́, bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ bá a sọ̀ ọ́, orí á máa yún un. Torborg wo iná ààrò, ó sọ ọ́.

"Vemod bá mi nínú ilé màlúù lọ́jọ́ tí Halvar, tó ti kọ́kọ́ jẹ́ tèmi, mú àbúrò mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé orí lé ìhà màlúù, mò ń fún wàrà títí garawa fi kún tó ń dà sílẹ̀, mi ò sì mọ̀."

Pẹ́ńsù Ansgar ń sáré. Nígbà tó dúró, Torborg di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Tíṣà, ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ."

"Mo búra fún yín. Orúkọ ẹnikẹ́ni ò ní ti ilé ìdáná yìí jáde."

Ìgbà náà ni ẹkún bọ́ lójú Torborg, ó sì sun ún níwájú rẹ̀ láìtijú. Ansgar jókòó jẹ́ẹ́, ó ń gbọ́. Lẹ́yìn tó lọ, ara Torborg fúyẹ́ débi pé ó kọrin fún àwọn màlúù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà Kérésìmesì, ó hun ìbọ̀wọ́ fún Ansgar, òwú irun àgùntàn tó dára jù ló sì fi hun ún. Ó ń wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ó kéré tán, ẹnì kan mọ òun láyé.

Ọdún méjì kọjá, ìwé náà jáde. Ọjọ́ Sunday kan lóṣù kẹwàá ni wọ́n pe gbogbo abúlé àyíká sí gbọ̀ngàn láago méjì ọ̀sán, kí Ansgar kà nínú rẹ̀ fún wọn. Àwọn obìnrin gbé kéèkì kéékèèké oríṣi méje sílẹ̀, nítorí bó bá kéré sí méje, wọn á bú ọ, bó bá sì lé, wọn á ní ìgbéraga ń dà ọ́ láàmú. Torborg jókòó sáàárín Märet àti Halvar.

Bí Ansgar bá ti ka gbólóhùn kan, àwọn èèyàn á máa méfò ẹni tó ni ín. Eré ńlá ló dà. Ó ka ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin tó máa jẹun yó tán kó tó rántí pé ara òun ò yá.

"Gölin ni!" gbogbo gbọ̀ngàn pariwo. "Ọkọ rẹ̀ ló ń bú!"

Ìyá àgbà Gölin, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí etí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, na ọ̀pá rẹ̀ sókè. "Ó ti kú, ẹ jẹ́ kó sinmi! Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, ọbẹ̀ ẹ̀wà ìkòkò kan ni ìkookò yẹn fi ń ṣàìsàn!"

Märet rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá Torborg léjìká. Inú Torborg náà dùn. Kò tilẹ̀ rántí láti bẹ̀rù.

Ansgar wá ṣí ojú ìwé kan tó ti fi òwú sí. Ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Vemod," ló wí. Ó sọ ti àwọn oníṣòwò Jámánì, ó sọ ti iyọ̀ àti aṣọ, ó sọ bí àwọn ọ̀mọ̀wé gúúsù ṣe ní àwa kì í sọ ọ́. "Àwa ará ibí yìí la dá wọn lóhùn. Ẹ gbọ́ báyìí."

Ó kà á. Gbogbo rẹ̀ pátá, ìhà màlúù, garawa, wàrà tó ń dà sílẹ̀. Níbi tí orúkọ Halvar wà, "H" ló kà. Ó kà á dáadáa, ó sì fi ìsàlẹ̀ pélébé náà parí rẹ̀: "Obìnrin kan, Myrvalla, 1901."

Ilé mẹ́sàn-án ló wà ní Myrvalla. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́kàn, bí wọ́n sì ti ń kà á tán ni wọ́n ń gbójú sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ méfò. Ṣùgbọ́n Gölin kò gbọ́ apá ti àbúrò, kò gbọ́ apá ti ṣọ́ọ̀ṣì. Màlúù àti ọdún ìbí ló gbọ́.

"Torborg ni!" ló ké, inú rẹ̀ ń dùn. "Àbí ta ni wọ́n tún bí lọ́dún yẹn?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Märet rọra gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Kò wo Torborg, Halvar ló wò. Halvar ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Halvar, dìde," ló wí. Àwọn méjèèjì gbé ẹ̀wù òtútù wọn, wọ́n jáde.

Torborg ò mọ bó ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ Ansgar níwájú.

"Ẹ ti búra fún mi."

"Mi ò dárúkọ, Torborg. Ẹ wò ó, H nìkan ni mo kọ."

"Èèyàn mélòó ni wọ́n bí ní Myrvalla lọ́dún yẹn, Tíṣà? Ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò?"

"Bí abúlé àti ọdún ìbí ò bá sí níbẹ̀, wọn ò ní gbà á. Òfin ni." Ó sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ ń tàn. "Ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí mi. Ó ní látọjọ́ tóun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun ò rí gbólóhùn tó dáa tó o. Wọ́n ti gbà! Ẹ̀yin lẹ gba vemod fún gbogbo ará oko!"

"Ọjọ́ tí mo sunkún níwájú yín yẹn ńkọ́? Kí lẹ rò pé mò ń ṣe?"

Ansgar pa ìwé náà dé. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ tù ú nínú. "Mi ò gbàgbé ìyẹn. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn pélébé náà. Mo ní ẹni tó sọ ọ́ sunkún."

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ni ọkùnrin yìí ń tẹ́tí sí láti ọjọ́ yìí wá. Kò tẹ́tí sí Torborg rí. Obìnrin náà kẹ̀yìn sí i, ó jáde, kò sì mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀.

Nígbà tó dé ilé ńlá, Märet dúró nídìí tábìlì pẹ̀lú fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lórí síbẹ̀. Halvar ti jókòó.

"Mo ti bi í," Märet wí. "Mo fẹ́ kó tún un sọ lójú rẹ. Halvar, ṣé o gun òkè lọ bá Torborg rí?"

"Èmi?" Halvar rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú rẹ̀. "Kí ni mo fẹ́ lọ wá níbẹ̀? Ẹ fi obìnrin kan sórí òkè fún oṣù mẹ́ta pẹ̀lú màlúù, kò séèyàn tó ń bá a sọ̀rọ̀. Irú àlá wo lẹ rò pé kò ní lá? Àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí."

Torborg wò ó. Ó retí kó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan péré, kó tiẹ̀ fi ojú bẹ̀ ẹ́ bó ṣe bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ilé màlúù nígbà yẹn. Bó bá bẹ̀bẹ̀, ì bá jẹ́ pé ó ṣì rántí. Halvar kò gbójú sókè. Torborg fẹ́ sọ iye Sátidé tó jẹ́, ó fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀. Ó wá rí ọwọ́ Märet. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n lórí tábìlì.

"Torborg, ìwọ wí."

"Irọ́ ni," Torborg wí. "Tíṣà ń fẹ́ gbólóhùn, mo bá hun ún fún un."

"Ṣé o rí i!" Halvar mí kanlẹ̀, ó sì dìde láti lọ wá igi.

"Bó bá jẹ́ irọ́," Märet wí, "kọ̀wé sí àwọn èèyàn yẹn, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò."

Torborg lọ sílé ìdáná tirẹ̀, ó jókòó, ó kọ ọ́. Ó kọ pé gbólóhùn tí tíṣà fi ránṣẹ́ láti Myrvalla kì í ṣe òótọ́, pé òun ló dá a sílẹ̀ lórí kọfí, pé òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ará oko kankan rí. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Bí lẹ́tà yìí bá dé gúúsù, vemod yóò padà sínú ìwé àwọn akéwì, Ansgar yóò di aláìṣòótọ́ lójú àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ìyẹn tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò síbòmíràn láyé tí ìgbà ooru ọdún 1923 ti wà lákọsílẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fẹ́ fi pa á rẹ́. Ó dùn ún ju ọjọ́ ìgbéyàwó lọ. Síbẹ̀ ó buwọ́ lù ú, ó sì mú un lọ fún Märet kó tó di àkókò tí wọ́n ń fún wàrà, nítorí Märet ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ti pinnu pé òun kò ní jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́.

Märet kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ká a, ó kì í sínú àpòòwé, ó fi ahọ́n lẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́.

"O ṣeun," ló wí. "Àwọn èèyàn á dákẹ́ báyìí." Ó tẹ àpòòwé náà mọ́lẹ̀ kó lè lẹ̀ dáadáa. "Mo ṣáà mọ̀ pé òótọ́ ni."

"Kí lo wí?"

"Òótọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó fẹ́ ẹ. Kò sí Sátidé tó gba ẹ̀yìn ilé wa gun òkè tí mi ò rí i lójú fèrèsé. Nígbà tí mo rí i pé ó máa fẹ́ ọ, mo pè é wọlé wá mu kọfí."

Torborg di etí tábìlì mú. "Ó ní ọkàn rẹ á bàjẹ́ bó o bá gbọ́."

"Èmi ni mo jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Torborg, má wò mí báyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ìwọ sì lágbára jù mí lọ. Mo mọ̀ pé o ò ní sọ̀rọ̀. O kì í sọ̀rọ̀." Ohùn rẹ̀ wá le díẹ̀. "Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé o máa lọ sọ ọ́ fún tíṣà, kó wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ìlú."

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Gbogbo ìgbà tí Torborg fi ń gbé ẹnu rẹ̀ mì nítorí àbúrò rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ń wò ó bó ṣe ń gbé e mì. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ti Halvar dùn ún, ti Ansgar dójú tì í, ṣùgbọ́n ti Märet yìí ló gbé ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó na ọwọ́, ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ Märet, ó ṣí ilẹ̀kùn ààrò, ó sì jù ú síná.

"Torborg! Kí lo ń ṣe?"

"Kó wà nínú ìwé," Torborg wí. "Òótọ́ ni."

Ó fa àga Halvar, ìjókòó baálé ilé nídìí tábìlì, ó jókòó sí i, ó bu kọfí fún ara rẹ̀. Níta, ilẹ̀ ti ń ṣú, òjò oṣù kẹwàá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn màlúù ti ń ké.

Märet wo ojú fèrèsé, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àkókò ti tó. Ọmú wọn ti kún."

"Mo gbọ́ wọn."

"Ta ló fẹ́ fún wọn?"

Torborg bu ṣúgà, ó rò ó. "Màlúù ọkọ rẹ ni," ló wí. "Garawa wà lẹ́nu ọ̀nà."

Märet dúró díẹ̀, ó ń retí kó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí kò rẹ́rìn-ín, ó wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jáde sínú ẹrẹ̀. Torborg ń mu kọfí rẹ̀, ó ń gbọ́ bí àwọn màlúù ṣe ń janra mọ́ ọwọ́ tí wọn kò mọ̀.